Ṣé òótọ́ ni pé àwọn obìnrin tó ti yọ ilé ọmọ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ẹ gbà wá nímọ̀ràn

AburoIyaGaari_Tanke
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá síbí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ọmọ ọdún 46, ó ti bímọ mẹ́rin, gààrí ló ń tà ní Ìpàtà. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí nǹkan oṣù ẹ̀ ò ti rí bó ṣe yẹ kó rí mọ́, tó bá ti bẹ̀rẹ̀ kì í fẹ́ dá, páàdì ò gbà á mọ́ àfi kó tún ṣẹ́ àkísà sí i, ẹ̀jẹ̀ á sì máa jáde ní dídì dídì. Àpótí tó ń jókòó sí nídìí ọjà, ọ̀rá dúdú ló máa ń kọ́kọ́ tẹ́ sí i lórí kó tó jókòó, ìró dúdú nìkan ló sì ń ró lọ sọ́jà báyìí. A ṣe sikáànù, wọ́n ní fibroid ni, ìyẹn ìjù tí àwọn ìyá wa máa ń sọ, wọ́n ní ó ti tóbi tó oyún oṣù márùn-ún. Dókítà wá ní níwọ̀n ìgbà tí kò ti fẹ́ bímọ mọ́, tí wọ́n bá yọ ilé ọmọ, wàhálà náà parí nìyẹn.

Haa, ìpàdé ẹbí tí wọ́n ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Ọ̀mù-Àrán, ẹ ò bá wà níbẹ̀. Àwọn kan ní àwọn ò gbọ́ irú ẹ̀ rí, pé àwọn òyìnbó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan ní tí wọ́n bá yọ ọ́, tó bá tún padà wá sáyé, kò ní rọ́mọ bí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi wá bi mí pé ṣé òun nìkan ni wọ́n fẹ́ ṣe é fún ni, n ò rí nǹkan kan sọ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ṣé ó wọ́pọ̀? Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n sábà máa ń ṣe é fún? Ẹ má bínú, ó gùn.

Alhaja_Adewole
Ó wọ́pọ̀ o. A kì í sọ ọ́ síta ni. Èmi náà wà lára wọn. Oúnjẹ wà lórí iná, mò ń bọ̀ wá kọ ọ́ dáadáa.

Tunji_Offa
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kàn án o! Ìyá kan wà lẹ́yìn Ọjà-Ọba tó ń ta àgbo ìjù, ìyàwó ọ̀gá mi lò ó, ó ní gbogbo ẹ̀ ti wábi gbà. Àwọn dókítà yìí, kí wọ́n ṣáà ti gé èèyàn.

NurseFate
@Tunji, ọmọ ọdún mélòó ni ìyàwó ọ̀gá yín? Torí tí obìnrin bá ti ń sún mọ́ 50, tí nǹkan oṣù bá ti ń dáwọ́ dúró, ìjù máa ń súnkì fúnra ẹ̀, ẹni tó bá wá ń mu àgbo lásìkò yẹn á ní àgbo ló ṣe é. Kò tíì sí àgbo kan tí wọ́n dán wò tó hàn gbangba pé ó ń yọ́ ìjù, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ sì ń ya lára ẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n wọn yìí ò lè máa dúró wò ó bóyá á ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè, ẹ kú àníyàn. Wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ni mo ti ṣiṣẹ́ jù, torí náà ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mo mọ̀. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé òun nìkan kọ́ rárá. Ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ka tiwọn ní 2021, nínú 100 obìnrin tó ti pé ọdún 18, ó lé ní 14 tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ wọn, 14.6 ni gan-an. Ẹ wá wo bó ṣe ń gòkè pẹ̀lú ọjọ́ orí: láàárín àwọn ọmọ ọdún 18 sí 44, 2.8 péré nínú 100, láàárín 45 sí 64 ó di 22.1, láàárín 65 sí 74 ó di 35, àwọn ìyá tó ti pé 75 sókè, 41.8. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìbímọ, kò sí iṣẹ́ abẹ ńlá mìíì tí wọ́n ń ṣe fún obìnrin níbẹ̀ tó tún pọ̀ tó o.

Kola_Unilorin
Ẹ dúró ná. 41 nínú 100 ìyá arúgbó? Ìyẹn ni pé àwọn ìyá àgbà gan-an ni wọ́n ń gbé wọ tíátà jù? Kí ni ilé ọmọ ẹni ọdún 75 tún ń ṣe fún un tí wọ́n fi ń lé e kiri?

BabaRamota
Kola, bí ẹni ń ka àwọn tó ti lọ Mẹ́kà ládùúgbò ni. Tẹ́ ẹ bá wọ agboolé kan ní Pàkátà, àárín àwọn àgbà lẹ ti máa rí àlàájà jù, kò túmọ̀ sí pé ọdún yìí ni wọ́n lọ. Ẹni tó lọ ní 1985, àlàájà náà ló ṣì ń jẹ́ títí dòní.

NurseFate
Bàbá Ramota, ẹ ti bá mi ṣe é, ẹ ṣeun. Ẹni tí wọ́n bá ti yọ tiẹ̀, wọ́n á máa kà á lọ títí tó fi máa kú ni, ìyẹn ló ń jẹ́ kí nọ́ńbà àwọn àgbà ga. Iṣẹ́ abẹ yẹn fúnra ẹ̀, àwọn obìnrin tó ti wọ 40 tí wọn ò tíì fi bẹ́ẹ̀ kọjá 50 ni wọ́n ń ṣe é fún jù. Ohun mìíì tó tún wà níbẹ̀ ni pé, nígbà tí àwọn ìyá yẹn wà lọ́mọ 40 ọdún, yíyọ ni ohun tí dókítà máa ń tètè rò. Oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù ò pọ̀ tó báyìí, Mirena tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, tó ń tú họ́mónù sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè fúyẹ́, òun náà ò tíì wọ́pọ̀ nígbà yẹn.

Tẹ́ ẹ bá wá ní kí n tò ó sí ọjọ́ orí, ọmọbìnrin tí kò tíì pé 30, ó ṣọ̀wọ́n gan-an, àfi tí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀ nígbà ìbímọ tàbí tí jẹjẹrẹ bá wà níbẹ̀. Láti 30 lọ, ti ìbímọ yẹn ṣì ń ṣẹlẹ̀, ìjù náà ti ń yọjú, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ dókítà á kọ́kọ́ gbìyànjú láti yọ ìjù nìkan kí ilé ọmọ lè kù. Láti 40 sí 50, ibẹ̀ ni ọjà ti kún, ìjù, ẹ̀jẹ̀ tí kò dá, àti èyí tí ara inú ilé ọmọ máa ń hù wọnú iṣan ẹ̀, tó máa ń mú kí inú run èèyàn burúkú tí nǹkan oṣù bá dé. Lẹ́yìn 60, ilé ọmọ tó ti sọ̀ wálẹ̀ tàbí jẹjẹrẹ ló sábà máa ń gbé wọn wá.

Tiwa níbí ò pọ̀ tó ti Amẹ́ríkà o, torí àwa mọyì ọmọ, obìnrin ẹni ọdún 44 tó ti bí márùn-ún náà á ní ẹ fi sílẹ̀ fún òun bóyá Ọlọ́run ṣì fẹ́ fún òun ní ẹ̀kẹfà. Ṣùgbọ́n ìjù, tiwa ló pọ̀ jù. Níbẹ̀ náà ní Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n yẹ̀ wò, ó lé ní 80 nínú 100 wọn tó ti ní in kí wọ́n tó pé 50, ọ̀pọ̀ wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà lára àwọn torí kì í yọ gbogbo èèyàn lẹ́nu.

AburoIyaGaari_Tanke
Ẹ ṣé mọ́mì nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún un, ó ní kí n tún un kà. Ó wá ní ṣé ti òyìnbó ni gbogbo èyí, ta lẹ mọ̀ ní Ìlọrin yìí tó ṣe é?

Alhaja_Adewole
Èmi nìyí. Mo ti dé.

Ọmọ ọdún 48 ni mí nígbà tí wọ́n ṣe tèmi. Kẹ́ ẹ tó gbọ́ ti iṣẹ́ abẹ ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo fojú rí ṣáájú, torí àwọn èèyàn á ní kí ló ká ẹ lára tó o fi gbà fún wọn. Ẹ̀jẹ̀ yẹn débi pé n ò mọ ìgbà tí mo lè kírun àti ìgbà tí n kò lè kí i mọ́, Ramadan dé mi ò mọ̀ bóyá kí n gba ààwẹ̀ tàbí kí n máa kà á sí gbèsè, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè lórí ẹ̀. Àfáà wa ló là mí lóye, wọ́n ní kí n wo iye ọjọ́ tí mo máa ń ṣe nǹkan oṣù nígbà tí ara mi ṣì dá, tó bá ti kọjá iye yẹn, ẹ̀jẹ̀ àìsàn ni, kí n wẹ̀, kí n máa kírun mi, kí n máa ṣe àlùwàlá tuntun fún ìrun kọ̀ọ̀kan, kí n sì máa gba ààwẹ̀ tára mi bá gbà á. Ṣùgbọ́n ara ò gbà á. PCV mi, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara mi, ti bọ́ sí 19, èyí tó yẹ kó jẹ́ 36 sókè, tí mo bá gun àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi ní Taiwo àyà mi á máa lù kìkì. Wọ́n ní àwọn ò lè ṣiṣẹ́ abẹ kankan fún mi bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára, àwọn ọmọ mi méjì ló lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ dípò.

Mi ò sọ fún èèyàn. Mo ní mò ń lọ sí Abuja lọ bá ọmọ mi wẹ ọmọ. Gbogbo àdúgbò ń kí mi kú ewu ọmọ, mo ń ṣe àmín, mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

Iṣẹ́ abẹ yẹn kò le tó bí mo ṣe rò, lẹ́yìn ẹ̀ ló ṣòro díẹ̀. Ikọ́! Ẹ má jẹ́ kí ikọ́ ṣe yín lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ o, ńṣe ni mo máa ń di ìrọ̀rí mọ́ ikùn pinpin kí n tó hú u, nọ́ọ̀sì kan ló kọ́ mi, ó ní tí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín náà kí n di ìrọ̀rí mú. Wọ́n mú mi dìde rìn ní ọjọ́ kejì, mo ní ẹ fẹ́ pa mí, wọ́n ní kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí mi nítan ni. Nílé, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò sí gbígbé kẹ́ẹ̀gì omi, kò sí gígún iyán, kò sí gbígbé ọmọ-ọmọ. Mi ò lè forí kanlẹ̀, orí àga ni mo ti ń kírun, ìyẹn ló sì tú mi fó, torí nígbà tí mo padà sí àsàlátù tí mo ń jókòó sórí àga, ìyá kan fà mí sẹ́yìn, ó ní "àlàájà, ṣé wọ́n yọ tìẹ náà ni?" Mo ní náà kẹ̀? Ló bá ní tòun ti pẹ́, ó tún dárúkọ ẹlòmíì, ìyẹn náà dárúkọ ẹnì kan. Gbogbo wa la jọ ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ tí a jọ ń jókòó láti ọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì!

Báyìí mo ti pé 55, ara mi le, PCV mi 38, mi ò ra páàdì láti ọjọ́ yẹn. Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín, àlàájà kan ní Adéwọ́lé ní kó má sunkún.

IyaAnu_Oro
Alhaja ẹ kú orí ire. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ torí ẹni tó jẹ́ ọ̀dọ́ tó bá ń ka èyí.

Ọmọ ọdún 29 ni mí. Ọmọ kejì ni mo lọ bí. Ọmọ jáde, ibi ọmọ ò jáde bó ṣe yẹ, ẹ̀jẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ohun tí mo rántí kẹ́yìn ni pé mo ń gbọ́ tí wọ́n ń pariwo ẹ̀jẹ̀ ẹ̀jẹ̀. Ìgbà tí mo jí, ikùn mi ti wà nínú báńdéèjì. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún mi. Ọkọ mi ló fọwọ́ síwèé, òun náà ò lè wò mí lójú. Ọsibítù yẹn, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n gba ẹ̀mí mi là, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú ìwé tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mò ń lọ sílé ni mo ti kà á pé wọ́n ti yọ ilé ọmọ mi. Ẹ ẹ̀ rí i, ìyẹn ló dùn mí ju iṣẹ́ abẹ náà lọ.

Oṣù oṣù ọmú mi ṣì máa ń ro mí bí ìgbà tí nǹkan oṣù fẹ́ dé, wọ́n ní torí ilé ẹyin mi ṣì wà níbẹ̀ ni. Àwọn èèyàn á wá máa ní "Ìyá Anu, ẹ̀kẹta dà, àbí ẹ ti dáwọ́ dúró ni." Mo kàn máa ń rẹ́rìn-ín ni. Ìyá ọkọ mi ló wá gbẹ̀san fún mi lọ́jọ́ kan níbi ìkómọ kan ní Àjàṣẹ́, ó ní "ẹni tí mo bá tún gbọ́ tó bi ìyàwó mi ní irú ìbéèrè yẹn, òun ni á bá mi bí ẹ̀kẹta náà."

Alhaja_Adewole
Subhanallah. Ìyá ọkọ rere nìyẹn. Ìyá Anu, Ọlọ́run á dá àwọn méjèèjì sí fún ẹ.

NurseFate
Ìyá Anu ẹ kú ìfaradà, ó sì yẹ kí wọ́n ti jókòó sọ ọ́ fún yín fúnra wọn, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kà nínú ìwé. Fún àwọn tó ń kà á: ti ìbímọ yìí, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dáwọ́ dúró lẹ́yìn gbogbo oògùn, tàbí tí ilé ọmọ bá fàya, tàbí tí ibi ọmọ bá ti wọ ara ilé ọmọ débi pé kò ṣeé yọ, yíyọ ilé ọmọ ló kù láti fi gba ẹ̀mí là, kò sí àkókò ìpàdé ẹbí níbẹ̀. Ibi ọmọ tó ń wọ ara ilé ọmọ yẹn, ó pọ̀ lára àwọn tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ìbímọ fún lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, bí ó bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ewu ẹ̀ ń pọ̀ sí i. Torí náà ẹni tí wọ́n bá ti ṣí nínú tẹ́lẹ̀, ẹ má bímọ nílé, ẹ má lọ bímọ níbi tí wọn ò ti lè fa ẹ̀jẹ̀ síni lára.

Anonymous_GaaAkanbi
Ẹ má bínú o, ìtìjú ni mo fi ń bò ó. Ìyàwó mi ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún. Ti inú yàrá ńkọ́? Wọ́n ní obìnrin tí wọ́n bá yọ tiẹ̀ á dà bí ọkùnrin, pé ibẹ̀ á ṣófo.

Alhaja_Adewole
Inú yàrá wà níbi tó wà. Ẹ bi bàbá Ramota, àgbà ni.

BabaRamota
Àlàájà ẹ má kó mi sí i o! 😂 Ṣùgbọ́n lóòótọ́, ìyàwó mi àgbà ṣe é, kò dà bí ọkùnrin kankan. Ohun tó yí padà ni pé ó ti ń bá mi rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí láìjẹ́ pé ó ń wo ẹ̀yìn ìró ẹ̀.

NurseFate
@Anonymous ẹ ò ní tijú. Ọ̀nà tí ọkọ ń gbà kò lọ síbì kankan, òkè ẹ̀ ni wọ́n máa ń rán pa. Ẹ ní sùúrù fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ojú ọgbẹ́ jinná, kí dókítà tún yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ sì rọra bẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíì tiẹ̀ máa ń gbádùn ẹ̀ ju tẹ́lẹ̀ lọ torí ẹ̀jẹ̀ àti inú rírun ti lọ.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni ti ilé ẹyin, ibẹ̀ ni ọjọ́ orí ti ṣe pàtàkì jù. Ilé ọmọ lọ́tọ̀, ilé ẹyin lọ́tọ̀. Ilé ẹyin ló ń ṣe họ́mónù obìnrin. Tí wọ́n bá yọ ilé ọmọ tí wọ́n fi ilé ẹyin sílẹ̀, nǹkan oṣù á dúró ṣùgbọ́n obìnrin ò tíì wọ àsìkò ìdáwọ́dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè tètè wọ̀ ọ́ ju àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lọ díẹ̀. Tí wọ́n bá kó méjèèjì lọ lára ọmọ ọdún 40, ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ooru á máa gbé e, kò ní rí oorun sùn, abẹ́ á gbẹ, tó bá sì pẹ́ eegun á máa fúyẹ́, ọkàn náà lè fara gbá nínú ẹ̀. Ẹni tó ti kọjá 50 tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti lọ, ìyẹn yàtọ̀. Torí náà ẹ bi dókítà yín, kí ìwé tó wọ̀ yín lọ́wọ́: "Ṣé ẹ máa fi ilé ẹyin sílẹ̀? Tẹ́ ò bá fẹ́ fi í sílẹ̀, kí ló dé?" Ẹni tó ní jẹjẹrẹ, tàbí tí jẹjẹrẹ ọmú àti ti ilé ẹyin wọ́pọ̀ nínú ẹbí ẹ̀, wọ́n lè ní ìdí tó lágbára.

Kẹ́ ẹ sì tún béèrè bóyá wọ́n máa yọ ọrùn ilé ọmọ náà. Tí wọ́n bá fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ ṣì ní láti máa ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọbìnrin láti 9 sí 14, àjẹsára HPV, ìyẹn kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, ti wà fún wọn ní Kwara láti 2024, abẹ́rẹ́ ẹyọ kan ni, ọ̀fẹ́ ni, ẹ mú wọn lọ sí hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà.

Kola_Unilorin
Mo ti ń ka nǹkan láti àná lórí ọ̀rọ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdánwò wà lọ́la. Ẹ gbọ́ ti Íńdíà: nínú ìwádìí ìjọba wọn ti 2019 sí 2021, nínú 100 obìnrin láti 15 sí 49, 3.3 ló ti yọ ilé ọmọ. Ó jọ pé ó kéré, àbí? Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ò tíì pé 35 tí wọ́n ti ṣe é, ọsibítù aládàáni ni wọ́n sì ti ṣe é jù. Àgbègbè kan tó ń jẹ́ Beed, àwọn obìnrin tó ń gé ìrèké níbẹ̀, ní 2019 ló di ariwo nínú ìwé ìròyìn pé àwọn obìnrin tí wọ́n ti yọ tiwọn pọ̀ lápọ̀jù láàárín wọn, torí ọjọ́ tí nǹkan oṣù ò bá jẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń gé owó lórí wọn. Ní 2023 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo ìpínlẹ̀ tẹ̀ lé ìlànà tí ìjọba ti là sílẹ̀ kí wọ́n má máa yọ ọ́ láìnídìí. Torí náà Tunji ò kúkú jẹ̀bi tán, àwọn dókítà kan wà tí wọ́n kàn ń gé.

Tunji_Offa
Ẹ ti rí i! Mo sọ ọ́.

NurseFate
Kò burú, mo gbà. Ìyẹn náà ló fi yẹ kẹ́ ẹ máa béèrè ìdí. Ọmọ ọdún 32 tí wọ́n ní kó wá yọ ilé ọmọ nítorí pé omi ń jáde lábẹ́ tàbí inú ń run ún, kó dìde níbẹ̀, kó lọ síbòmíì lọ gbọ́ èrò ẹlòmíì. Ọmọ ọdún 46 tó bímọ mẹ́rin, tí ìjù ẹ̀ tó oyún oṣù márùn-ún, tẹ́jẹ̀ ẹ̀ ń tán lọ, ọ̀rọ̀ ti ẹni yẹn yàtọ̀. Síbẹ̀ òun náà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè: ṣé wọ́n lè yọ ìjù nìkan? Wọ́n lè yọ ọ́ o, ṣùgbọ́n ó tún lè hù padà, ẹ̀jẹ̀ sì lè pọ̀ nígbà iṣẹ́ abẹ yẹn tí ìjù bá pọ̀. Ṣé ó lè fi oògùn tì í títí ìdáwọ́dúró á fi dé? Àárín 45 sí 55 ló sábà máa ń dé, nítorí náà ó lè jẹ́ ọdún kan, ó lè jẹ́ mẹ́sàn-án. Òun ló máa yàn.

Òfin wà níbẹ̀ pẹ̀lú, National Health Act ti 2014: wọ́n gbọ́dọ̀ sọ àìsàn tó ń ṣe yín, ọ̀nà ìtọ́jú tó wà, àǹfààní àti ewu ọ̀kọ̀ọ̀kan fún yín ní èdè tó yé yín, ẹ sì lè ní ẹ ò ṣe. Ẹ̀gbọ́n yín ló ni ìfọwọ́sí o, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá.

OmoIsanlu_Isin
Lórí ẹ̀gbọ́n bàbá yẹn. Ẹ bá mi bi í, àwọn tí wọ́n yọ eyín fún, ṣé kágbákágbá láìléyín ni wọ́n á padà wá? Bàbá mi tí dókítà yọ hẹ́níà tiẹ̀ ńkọ́? Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyá àgbà mi ní ilé wa gbà pé bẹ́ẹ̀ ni, ó sì bẹ̀rù ẹ̀ títí tó fi kú, nítorí náà ẹ má fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́ lójú ẹ̀. Ẹ lọ bá ẹni tó ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, bóyá pásítọ̀ wọn tàbí àfáà, kó bá a sọ ọ́. Tiwa, pásítọ̀ ló wá sílé, ó jókòó ti bàbá mi, wọ́n sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù títí kó tó dórí ọ̀rọ̀.

AburoIyaGaari_Tanke
@OmoIsanlu 😂😂 kágbákágbá! Ẹ ṣé o, a máa rán pásítọ̀ sí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní òun á kọ́kọ́ lọ béèrè ti ilé ẹyin yẹn ní UITH, ọsibítù yunifásítì Ìlọrin, pé kí n kọ gbogbo ìbéèrè yẹn sínú ìwé fún òun. Ó wá kù sí owó.

BabaRamota
Ti owó, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló yàtọ̀, ẹ má gba iye tẹ́nì kan bá sọ fún yín lórí fóònù. Ẹ béèrè kí wọ́n kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, tíátà, ẹ̀jẹ̀, oògùn, bẹ́ẹ̀dì, àti àyẹ̀wò tí wọ́n máa ṣe fún ohun tí wọ́n bá yọ, ìyẹn ni wọ́n kì í sọ fúnni tẹ́lẹ̀. Tó bá ní inṣúráǹsì ìlera, ti ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀, ẹ lọ bi wọ́n ní ọ́fíìsì inṣúráǹsì inú ọsibítù kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹ wá ẹni méjì tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Àyẹ̀wò tí mo ní wọ́n máa ṣe yẹn, ẹ má fojú kéré ẹ̀ o, òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìjù lásán ni tàbí nǹkan mìíì wà nínú ẹ̀. Àwọn kan ń pariwo pé wọ́n ń tà á. Ta ló fẹ́ ra ìjù?

IyaAlaso_Offa
Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ń ka yín láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fara mọ́ mi, tèmi yàtọ̀ díẹ̀. Ìyá mi ni, ọmọ ọdún 71, Erin-Ilé ni wọ́n wà. Mo lọ bá wọn fọṣọ ni mo rí àwọn àkísà tí wọ́n ká pelebe. Ìgbà tí mo fipá bi wọ́n, wọ́n ní nǹkan kan ń yọ síta lábẹ́ tí àwọn bá dúró pẹ́ tàbí tí àwọn bá wúkọ́, pé ó ti pẹ́, pé àwọn ò sọ torí ọ̀rọ̀ àgbà ni. Ọmọ mẹ́jọ ni wọ́n bí. Ṣé yíyọ ni ti àwọn náà máa já sí? Ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ ń bà mí fún wọn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru.

NurseFate
Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ojúúṣe. Ó jọ pé ilé ọmọ wọn ló ti sọ̀ wálẹ̀, ìbímọ púpọ̀ àti ẹrù rírù máa ń fà á, ó pọ̀ láàárín àwọn ìyá wa ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, ìtìjú ni wọ́n fi ń bò ó. Kò di dandan kí wọ́n yọ ọ́. Òrùka rọ́bà kan wà tí wọ́n máa ń ki sí abẹ́ láti fi gbé e dúró, wọ́n á kàn máa wá sí ọsibítù kí wọ́n máa yọ ọ́ fọ̀, kí wọ́n tún un fi sí i, ó dára fún ẹni tí ara ẹ̀ ò fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Tí wọ́n bá sì ní àwọn máa yọ ilé ọmọ, abẹ́ ni wọ́n sábà máa ń gbà yọ irú ẹ̀, wọn ò ní la ikùn rárá, ara sì máa ń tètè yá. Ìyẹn náà wà lára ìdí tẹ́ ẹ fi rí àwọn ìyá ẹni ọdún 70 nínú nọ́ńbà tí a sọ níjọ́sí.

Ohun kan ni kẹ́ ẹ bi wọ́n dáadáa: ṣé ẹ̀jẹ̀ wà lára àwọn àkísà yẹn? Obìnrin tí nǹkan oṣù ẹ̀ ti dáwọ́ dúró tó wá rí ẹ̀jẹ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀kán kan, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kó lọ rí dókítà, torí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ inú ilé ọmọ, tí wọ́n bá sì tètè rí i, ó ṣeé wò.

IyaAlaso_Offa
Mo pè wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀ díẹ̀, pé ó fara jọ omi zobo tó ti ṣá. Ọjọ́ Ajé la máa lọ, ọmọ mi á wá fi mọ́tò gbé wa. Ṣé kí wọ́n jẹun ká tó lọ?

NurseFate
Kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó lójoojúmọ́, ẹ má dá a dúró. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn náà dání. Tẹ́ ẹ bá dé ibi káàdì, ẹ ní "ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìdáwọ́dúró nǹkan oṣù", ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, ẹ má kàn ní inú ń run ìyá, kí wọ́n lè darí yín sí kíníkì àwọn obìnrin lọ́jọ́ náà.